Bí Ọlọ́pàá Ṣe Ń Mọ Ẹni Tó Gbé Ọmọ Ọlọ

Ilé ìdáná wo ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà tí a ò bá ọlọ níbẹ̀? Ìyá ọlọ á jókòó sílẹ̀, ọmọ ọlọ á máa lọ, á máa bọ̀ lórí rẹ̀, ata á sì kúnná. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 2016 sí 2017, òkúta yìí di ohun ìpayà ní Ìkòròdú. Àwọn apànìyàn kan tí aráyé ń pè ní Badoo ń wọlé tọ àwọn èèyàn lóru, ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, ní Odogúnyàn, títí dé ìhà Ọ̀gìjo tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọmọ ọlọ tàbí òkúta ńlá ni wọ́n fi ń fọ́ orí ẹni tó sùn, àti bàbá, àti ìyá, àti ọmọ. Wọ́n ń fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé wọ́n máa ń fi áńkáṣíìfù funfun nu ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó jáde.

Ẹ̀rù bà wá débi pé ojú wa ò ríran mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 2017, èrò ya bo aláwàdà kan àti àwọn méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní Ìkòròdú, wọ́n lù wọ́n pa, wọ́n dáná sun wọ́n. Badoo ni wọ́n pè wọ́n. Wọn kì í ṣe Badoo.

Ọ̀ràn méjèèjì yìí ló wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń kọ àlàyé yìí. Ẹni tó pànìyàn lóru kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni tí wọ́n pa kò lè sọ̀rọ̀, aládùúgbò kò sì rí nǹkan kan. Kí ló kù tí ọlọ́pàá á fi mọ ẹni tó ṣe é? Kí ló sì kù tí ẹni tí kò ṣe é á fi bọ́ lọ́wọ́ wa?

Ká ní ilé kan ni ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, yàrá méjì àti pálọ̀, ilẹ̀ iyanrìn níta, ọ̀sà kò jìnnà. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀, ẹnì kan figbe ta. Kí a tó ṣẹ́jú péú, ogún èèyàn ti wọlé. Ẹnì kan fa aṣọ bo òkú nítorí ojú àánú. Ẹnì kan gbé ọmọ ọlọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kó má bàa gbá ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ìyá àgbà kan bu omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilẹ̀, torí pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń wò. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní ibi lọ́kàn. Síbẹ̀, nígbà tí ọlọ́pàá fi máa dé, ìdajì ẹ̀rí ti bá omi lọ.

Edmond Locard, ará Faransé tó dá yàrá àyẹ̀wò ti ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní 1910, ló fi kọ́ àwọn tó tẹ̀lé e pé ẹni tó bá wọ ibì kan á fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀, á sì mú nǹkan níbẹ̀ lọ. Irun, òógùn, fọ́nrán òwú ara aṣọ, iyanrìn àtẹ́lẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ Locard yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: ogún èèyàn tó wọlé láàárọ̀ fi tiwọn sílẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì mú nínú ti apànìyàn lọ sí abẹ́ bàtà wọn.

Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọlọ́pàá lóde òní fi jẹ́ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á wò ó bóyá ẹnì kan ṣì ń mí kó lè gbà á là. Lẹ́yìn èyí, á kó gbogbo èèyàn jáde, á fi okùn yí ilé náà ká, á mú ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ẹni tó bá ní iṣẹ́ níbẹ̀ á máa gbà, á sì máa kọ orúkọ ẹni tó wọlé àti aago tó wọlé. Wọ́n á ya fọ́tò, láti òkèèrè wá sí tòsí, wọ́n á sì gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ nǹkan kí adájọ́ lè mọ bó ṣe tóbi tó. Bí ojú ẹsẹ̀ bá wà nínú iyanrìn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á po ẹfun kan tó jọ POP tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń ṣe àjà ilé, wọ́n á dà á sínú ojú ẹsẹ̀ náà, á sì gan. Bàtà tó ti jẹ lápá kan, tí ìṣó gún, tí wọ́n gán, kò ní jọ òmíràn mọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú náílọ́ọ̀nù. Ọ̀rinrin á há mọ́ inú rẹ̀, á hu bí búrẹ́dì tó ti pẹ́, DNA á sì bàjẹ́. Àpò bébà ni wọ́n ń lò, lẹ́yìn tí aṣọ náà bá ti gbẹ fúnra rẹ̀. Àṣìṣe kékeré bí èyí lè ba ẹjọ́ ìpànìyàn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé kóòtù.

Ó wá ku ọmọ ọlọ fúnra rẹ̀.

Èèyàn lè rò pé ìka ni wọ́n á kọ́kọ́ wá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara òkúta kò dán, ìlà ìka kì í sábà dúró lórí rẹ̀. Ohun tó ń ṣe olùyẹ̀wò lóore ni pé ara gbágungbàgun náà a máa ha àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó bá dì í mú gírígírí. Sẹ́ẹ̀lì ara tí ojú ò lè rí á há sínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀. Olùyẹ̀wò á mú òwú tí wọ́n fi omi mímọ́ rin, á fi nu ibi tí ọwọ́ ti máa ń di òkúta náà mú, á tún fi òwú gbígbẹ nu ún lẹ́ẹ̀kejì. Á ya ibi tí ọwọ́ dì mú sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tó gbá orí. Ibi kan ń sọ ẹni tí wọ́n pa, ibi kejì lè sọ ẹni tó pa á.

Lórí àbààwọ́n pupa, ìbéèrè mẹ́ta ló wà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ̀léra. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni? Oògùn kan wà tí kò ní àwọ̀, tó máa ń di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ó bá kan ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n oje ewébẹ̀ kan lè tan oògùn yìí, orí ọlọ tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lójoojúmọ́ sì ni a wà yìí. Nítorí náà, a kì í gbé ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Ṣé ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni? Páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó jọ èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń yẹ ibà wò ní ibùdó ìlera: bí ìlà bá yọ, ti èèyàn ni. Ọkùnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Paul Uhlenhuth ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà láti dáhùn ìbéèrè kejì yìí, ní 1901. Káfíńtà kan wà nígbà náà tí wọ́n fura sí pé ó pa ọmọdé méjì ní erékùṣù Rügen. Ó ní ọ̀dà igi ló ta sí aṣọ òun. Uhlenhuth yẹ aṣọ náà wò, ó bá ẹ̀jẹ̀ àgùntàn níbẹ̀, ó sì bá ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ní ilẹ̀ wa tí a ti ń dúńbú àgbò, tí a ń pa adìyẹ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí ìbéèrè kejì yìí ti lágbára tó. Ó lè de èèyàn, ó sì lè tú u sílẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ni: ẹ̀jẹ̀ ta ni? Ibí ni DNA ti wọlé. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó gbé gbogbo ìṣẹ̀dá wa dání. (Sẹ́ẹ̀lì tó sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa kò ní okùn yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó wà láàárín wọn ló ní in.) Ní àwọn ojú ibì kan lórí okùn náà, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan á máa tún ara rẹ̀ pè, bí onílù ṣe ń tẹnu mọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo. Lára tèmi, ó lè tún un pè lẹ́ẹ̀mẹjọ níbi tí tìrẹ ti tún un pè lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Méjì méjì ni olúkúlùkù ní: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ojú ibì kan ṣoṣo lè bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn mu. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ojú ibi 20 ni wọ́n ń kà láti ọdún 2017. Kí gbogbo ogún bá ẹni méjì tí kì í ṣe ìbejì kan náà mu, kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ni òwú tí wọ́n fi nu òkúta náà gbé. Ẹ̀rọ kan á mú ìwọ̀nba yẹn, á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, á tún sọ èyí di ìlọ́po méjì. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 30, ẹyọ kan ti ju bílíọ̀nù kan lọ. Agbára ńlá nìyẹn, ewu sì ni: bí ọlọ́pàá bá sín sí ara òkúta náà láìfi nǹkan bo ẹnu, DNA tirẹ̀ náà á di ìlọ́po. Lára ọmọ ọlọ, ohun mìíràn tún wà. Ìyàwó ilé ń fi í lọ ata lánàá, ọmọ rẹ̀ fọ̀ ọ́ lálẹ́. DNA tiwọn á wà níbẹ̀ dandan. Wọ́n ní láti gba itọ́ gbogbo ará ilé, àti ti àwọn tó wọlé láàárọ̀, kí wọ́n lè yọ wọ́n kúrò. Ohun tó bá ṣẹ́ kù tí kò ní olúwa nínú ilé ni wọ́n á tọpa rẹ̀ lọ.

Ìlà ìka ọwọ́ ńkọ́? A kò pa á tì. Lára fèrèsé, lára ìgò, lára ẹ̀yìn fóònù tó dán, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ tí DNA kò lè ṣe. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbọn ìyẹ̀fun dúdú sí i, ọ̀rá ìka á sì gbé ìyẹ̀fun náà dúró. Bó bá jẹ́ náílọ́ọ̀nù ni, wọ́n á gbé e sínú àpótí, wọ́n á mú super glue gbóná níbẹ̀, èéfín rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìlà náà, á yọ funfun. Ọ̀rọ̀ ìbejì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí. Ìbejì tó ti inú ẹyin kan wá ní DNA kan náà, àyẹ̀wò tí mo ṣàlàyé lókè kò lè yà wọ́n. Ìlà ìka wọn yàtọ̀, nítorí láti inú oyún ni ìlà ìka ti ń hù, bí olúkúlùkù ṣe ń yí, tó ń fọwọ́ kan ara ilé ọmọ, sì wà lára ohun tó ń dárà sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ ìbejì ilẹ̀ Yorùbá, irú àwọn tí Igbó-Ọrà fi lókìkí, ẹyin méjì ni wọ́n ti wá. DNA Táyé àti Kẹ́hìndé bẹ́ẹ̀ kò jọra ju ti tẹ̀gbọ́n tàbúrò lọ.

Ìlà ìka náà ti fi hàn tipẹ́ pé sáyẹ́ǹsì lè gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Ní Argentina, ní 1892, wọ́n bá òkú ọmọ méjì kan. Ìyá wọn, Francisca Rojas, nawọ́ sí ọkùnrin kan ládùúgbò. Wọ́n fìyà jẹ ọkùnrin náà títí, kò jẹ́wọ́. Ọlọ́pàá kan padà sí ilé náà, ó rí ìka tó fẹ̀jẹ̀ kan ara ilẹ̀kùn, ó gé pákó náà jáde. Ọ̀nà tí Juan Vucetich, òṣìṣẹ́ ọlọ́pàá níbẹ̀, fi kọ́ wọn ni wọ́n fi wò ó. Ìka ìyá ni.

Lóde òní, fóònù náà ń jẹ́rìí, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Fóònù tó wà ní títàn máa ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbà á sọ̀rọ̀, ilé iṣẹ́ fóònù sì ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ohun tí àkọsílẹ̀ náà ń sọ ni àdúgbò, kì í ṣe yàrá. Létí ọ̀sà bí ti Ìbẹ̀ṣẹ̀, fóònù lè bá òpó tó wà ní òdìkejì omi sọ̀rọ̀. IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn, tí kò bá mọ èyí á wí ní kóòtù pé afurasí wà ní òdìkejì, nígbà tó jẹ́ pé orí ibùsùn rẹ̀ ló wà.

IPO yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn jù, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó lè wá ohun tí ojú kò rí. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ojú? Ní nǹkan bí ọdún 1940 sí 1950, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Frances Glessner Lee, àti káfíńtà rẹ̀ jọ kan àwọn ilé kéékèèké bí ohun ìṣeré ọmọdé. Yàrá, ibùsùn, kàlẹ́ńdà, ìbọ̀sẹ̀, àti òkú kékeré nínú wọn. Àwọn ọlọ́pàá tó wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard á dúró níwájú ilé kan, wọ́n á wò ó yíká bí ọwọ́ aago, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n rò. Méjìdínlógún nínú àwọn ilé náà ṣì wà ní Baltimore. Lónìí, ilé gidi ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá ń lò: wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ ẹran sílẹ̀, wọ́n á tọ́jú ẹ̀rí pamọ́, wọ́n á sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá a. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e dúró níwájú ẹnì kan tó ń ṣe bí agbẹjọ́rò, kó wá ṣàlàyé ohun tó ṣe. Ní Tennessee, ilẹ̀ kan wà láti 1981 níbi tí wọ́n ń tẹ́ òkú àwọn tó fi ara wọn tọrẹ sí, kí wọ́n lè kọ́ bí òórùn, òjò àti eṣinṣin ṣe ń yí ara padà. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún ilẹ̀ ooru bíi tiwa, nítorí òkú ìlú òtútù àti òkú etí ọ̀sà kì í bàjẹ́ bákan náà.

Ní Nàìjíríà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà ní Enugu, ti ọlọ́pàá wà ní Ìkẹjà, yàrá àyẹ̀wò ọlọ́pàá sì wà ní Òṣòdì. Ẹjọ́ ìpànìyàn láti Ìkòròdú kì í sábà pẹ́ kó tó dé Panti, ọ́fíìsì àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá Èkó, ní Yábàá. Orúkọ yẹn, Panti, ń já ọ̀pọ̀ ará Èkó láyà, èyí sì mú mi dé ibi tó ká mi lára jù: ìjẹ́wọ́.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá lágbàáyé mọ̀ nípa ìwádìí ni kí afurasí jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n èèyàn a máa jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Ní England, lẹ́yìn tí wọ́n tú àwọn kan sílẹ̀ ní 1989 àti 1991 tí wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́wọ̀n lórí ìjẹ́wọ́ tí kò dúró, wọ́n gbé ọ̀nà tuntun kalẹ̀ tí wọ́n pè ní PEACE. Ọlọ́pàá á múra sílẹ̀ kó tó wọlé, á ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, á jẹ́ kí ẹni náà sọ tẹnu rẹ̀ láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, á wá fi ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ wọn ọ̀rọ̀ náà. Kò ní bi í pé, “Ṣé pupa ni mọ́tò náà?” Á ní, “Sọ fún mi nípa mọ́tò náà.” Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń kọ́ ẹlẹ́rìí ní ohun tó máa sọ, èkejì ń gbọ́ ohun tó rí.

Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Alec Jeffreys, rí ọ̀nà DNA ní Leicester ní 1984, kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá ìtòsí fi gbé ọ̀ràn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n pa wá bá a. Ọmọkùnrin ọdún 17 kan ti jẹ́wọ́ pé òun pa ọ̀kan. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé ẹnì kan náà ló pa àwọn méjèèjì, kì í sì í ṣe ọmọkùnrin yìí. Wọ́n tú u sílẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin àdúgbò, nígbà tó sì di 1988, ẹni tó ṣe é gan-an wọ ẹ̀wọ̀n. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí DNA ṣe nínú ẹjọ́ ìpànìyàn ni láti dá aláìṣẹ̀ láre.

Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ ọ́ láti 2007 pé kí ìjẹ́wọ́ wà lórí fídíò, tàbí kí agbẹjọ́rò afurasí wà níbẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi àṣẹ sí i ní 2023, nínú ẹjọ́ kan tó ti Èkó lọ, pé ìjẹ́wọ́ tí kò bá tẹ̀lé èyí kò ní wúlò ní kóòtù. Àwọn kan ń ráhùn pé èyí á jẹ́ kí ọ̀daràn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò gbà. Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀daràn lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí a ní ìjẹ́wọ́ nìkan lọ́wọ́, kí òkúta tó pànìyàn sì wà ní igun àgọ́ ọlọ́pàá láìní àmì, láìní àpò.

Àyẹ̀wò DNA fúnra rẹ̀ pẹ́ kó tó dé sàkáání wa. Nígbà tí bàálù Dana já ní Ìjù-Ìṣàgá ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, tó pa gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ àtàwọn kan nílẹ̀, ẹ̀yà ara àwọn olóògbé ní láti rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn ẹbí tó lè mọ òkú ẹni wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, kò tíì tó oṣù mẹ́ta sí ìgbà tí wọ́n sun àwọn mẹ́ta yẹn ní Ìkòròdú, Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé ṣí ibùdó DNA ti ìpínlẹ̀ Èkó ní Erékùṣù Èkó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS, wọ́n ba ibùdó náà jẹ́. Ó dùn mí títí di òní. Àwọn ọ̀dọ́ jáde nítorí pé ọlọ́pàá ń fìyà jẹ aláìṣẹ̀, ibi tó lè gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀ sì wà lára ohun tó bá a lọ.

Fún ẹni tó ń gbé ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, tàbí ibikíbi, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká kò nílò yàrá àyẹ̀wò. Bí ẹni náà kò bá mí mọ́, ẹ jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ má gbálẹ̀, ẹ má fọ nǹkan kan, ẹ má gbé ohunkóhun. Bí wọ́n bá fipá bá ẹnì kan lò pọ̀, ó máa ń fẹ́ wẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ rọra bẹ̀ ẹ́ kó má tíì wẹ̀, kó má sì fọ aṣọ náà. Ẹ di aṣọ náà sínú bébà, kí ẹ tètè gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Mirabel Centre wà ní LASUTH, Ìkẹjà, láti 2013 fún irú èyí. Kí wákàtí 72 tó pé ni ó yẹ kó débẹ̀, nítorí ẹ̀rí tó wà lára rẹ̀, àti nítorí oògùn tó ń dènà HIV kì í wúlò mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Bó bá sì ti wẹ̀, kó lọ náà. Ìtọ́jú ṣì wà.

Ọjọ́ á sì pé tí ọmọ ọlọ yẹn á dé kóòtù, nínú àpò bébà tí wọ́n lẹ̀ pa. Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ á dìde. Kò ní béèrè nípa DNA ní àkọ́kọ́. Á ní: ta ló gbé òkúta yìí kúrò nílẹ̀, agogo mélòó, ta ló gbé e fún, níbo ló sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀? IPO á ṣí ìwé. Orúkọ kan, ìbuwọ́lù kan, aago kan. Orúkọ kejì, ìbuwọ́lù kejì, aago kejì. Bí ìlà kan bá ṣófo níbẹ̀, adájọ́ á gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.